Ọmọ Ń Jẹun, Kò Hàn Lára Rẹ̀

Bí ẹ bá jókòó díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ kí ìyá kan máa ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé, "Àǹtí, ọmọ yìí ń jẹun o. Kò kàn hàn lára ẹ̀ ni." Ìyá náà ò parọ́. Ọmọ mu ògì láàárọ̀, ó jẹ èbà lọ́sàn-án, ó tún bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ láfún lálẹ́. Síbẹ̀, apá rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ yọ síta, irun orí rẹ̀ sì ń pọ́n. Ibo wá ni oúnjẹ ń gbà lọ? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ tú wò lónìí, ẹ̀yin aládùúgbò mi, ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò nílò ìmọ̀ dókítà kó tó yé yín.

Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé ìfun kò ju ojú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá lọ. Àmọ́ ìfun alára ń jẹun. Kódà ó nílò oúnjẹ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara yòókù lọ. Tí ebi bá ti ń pa èèyàn lemọ́lemọ́, ìfun wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Tí ìfun bá sì ti bàjẹ́, oúnjẹ tó bá wọlé lẹ́yìn náà kò ní wọ ara dáadáa. Ebi ba ìfun jẹ́, ìfun tó bàjẹ́ tún sọ ebi di ọ̀tun. Ohun tí à ń pè ní àìjẹunrekánú nìyẹn: kí oúnjẹ má tó, tàbí kí oríṣi tí ara nílò má sí nínú rẹ̀, tàbí kí ara má lè lo èyí tí a jẹ.

Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé òkèlè iyán kan tí ará Iléṣà fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gbé mì. Láti ọ̀fun, ó bọ́ sínú àpòlúkù. Omi kan wà níbẹ̀ tó kan gan-an. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹran àti ẹja inú ọbẹ̀, òun náà ló sì ń pa púpọ̀ nínú kòkòrò àrùn tó bá oúnjẹ wọlé. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ tó ti rọ̀ bí ògì yìí á ṣàn wọ ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6 nínú àgbàlagbà. Òróòro máa ń wá láti ẹ̀dọ̀ láti tú epo, omi mìíràn á sì wá láti lẹ́yìn àpòlúkù láti tú iyán àti ẹran sí wẹ́wẹ́. Inú ìfun kékeré yìí ni ara ti ń gba oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyókù á lọ sí ìfun ńlá, tí yóò fa omi inú rẹ̀, kó tó di ìgbẹ́.

Báwo ni ìfun kékeré ṣe ń gba oúnjẹ? Ẹ ronú nípa aṣọ àrán, èyí tí àwọn àgbà ń wọ̀ lọ sí òde ńlá. Tí ẹ bá fọwọ́ ra á, ẹ ó mọ̀ pé òwú kéékèèké ló dúró ṣùùrù lójú rẹ̀. Bí inú ìfun ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹran kéékèèké tó dúró bí òwú àrán ló bo gbogbo ògiri rẹ̀; èyíkéyìí nínú wọn kò ga ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú wọn, wọ́n sì ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ náà. Nítorí pé wọ́n pọ̀ lọ súà, ojú ìfun fẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Tí a bá lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, yóò tó nǹkan bíi mítà 30 níbùú-lóròó, ìyẹn yàrá tó fẹ̀ ní mítà 5 tó sì gùn ní mítà 6. Bí òwú àrán yìí bá ṣe dúró tó ni oúnjẹ ṣe ń wọ ara tó.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló wá dé tí ebi fi ń tètè bá ìfun jà? Ohun tó fà á ni pé ojú ìfun kì í pẹ́ gbó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré, èyí tó wà níbẹ̀ á ti ṣí kúrò, tuntun á sì ti rọ́pò rẹ̀. Egungun lè fara dà á fún oṣù mélòó kan, àmọ́ ìfun kò lè dúró de ọjọ́ tí owó á wọlé. Ojoojúmọ́ ló ń gba púrótéènì, ìyẹn ohun tó ń mú ara dàgbà tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran. Ó ń gba fítámì A tó wà nínú epo pupa àti ẹ̀fọ́, ó sì ń gba èròjà zinc tó wà nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà. Tí ìwọ̀nyí kò bá wọlé, ìfun kò ní lè ṣe tuntun bó ṣe yẹ. Òwú àrán á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, á pa lẹ̀, ojú ìfun á sì dán bí aṣọ tó ti gbó.

Àtúbọ̀tán rẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́, orí òwú àrán yìí gan-an ni ohun tó ń tú ṣúgà inú wàrà wà. Tó bá ti pa lẹ̀, wàrà tí wọ́n bá fún ọmọ tó ti rù lè ru ìgbẹ́ gbuuru, ìyá á sì sọ pé wàrà kò bá ọmọ òun lára mu. Èkejì, ògiri ìfun tó ti fẹ́lẹ́ kì í lè dá kòkòrò àrùn dúró mọ́. Wọ́n á máa yọ́ kọjá díẹ̀díẹ̀ sínú ara. Ara á dìde láti bá wọn jà, ìjà náà á jẹ oúnjẹ tí ọmọ ì bá fi dàgbà, ibà á sì mú kí ẹnu ọmọ korò, tí kò fi ní fẹ́ jẹun. Ẹ̀kẹta, omi kíkan inú àpòlúkù máa ń dín kù lára ẹni tí ebi ti hàn léèmọ̀, nítorí náà kòkòrò àrùn tí ì bá ti kú níbẹ̀ á kọjá láàyè.

Ohun kan tún wà tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Kòkòrò àìfojúrí tí kì í ṣe àrùn ń gbé inú ìfun gbogbo wa, wọ́n sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti tú oúnjẹ. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára àwọn ìbejì ní orílẹ̀-èdè Màláwì jáde. Nínú ilé kan náà, lórí oúnjẹ kan náà, kuwaṣíọ̀kọ̀, ìyẹn àìjẹunrekánú tó ń mú kí ẹsẹ̀ àti ojú ọmọ wú, mú ọ̀kan, kò mú èkejì. Nígbà tí wọ́n mú kòkòrò inú ìfun ọmọ tí àìsàn mú sínú eku, tí wọ́n sì fún eku náà ní irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lábúlé, àwọn eku kan rù gan-an. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí o. Ohun tó ń gbé inú ìfun náà lọ́wọ́ sí i.

Ṣé ebi ló wá ń fa ìgbẹ́ gbuuru ni, àbí ìgbẹ́ gbuuru ló ń fa ebi? Àwọn méjèèjì ni. Ọmọ tí ìfun rẹ̀ ti bàjẹ́ máa ń tètè ṣu gbuuru, gbuuru náà sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe ń ṣu ún, oúnjẹ ń kọjá láìdúró, omi àti iyọ̀ ara ń bá a lọ. Tí gbuuru bá dáwọ́ dúró, ọmọ nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti gba ara padà, àmọ́ kò ní pẹ́ tí òmíràn á tún fi dé. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí wọn kì í ṣu gbuuru rárá, tí ìfun wọn ṣì ń bàjẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí pé ilẹ̀ tí wọ́n ń rá lé lórí dọ̀tí, adìẹ ń yàgbẹ́ sí àgbàlá, omi mímu kò sì mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwíjàre ìyá wa inú ilé ìwòsàn fi lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gan-an nìyí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni kò sì mọ̀. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, wá ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀. Lónìí, abẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà. Morley kò jókòó sí Iléṣà nìkan. Ó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú àárín òkè tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìtàn ogun Kírìjì tipẹ́. Ohun tó rí níbẹ̀ bani nínú jẹ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n bí tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún.

Kí ló ń pa wọ́n? Kì í ṣe àrùn àjèjì. Ìgbẹ́ gbuuru ni, ibà ni, òtútù àyà ni, ikọ́ líle ni, àti èèyí, àìsàn tí ara ọmọ máa ń sú, tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n. Àmọ́ àìjẹunrekánú wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èèyí á bó ẹnu àti ìfun ọmọ, kò ní lè jẹun, á ṣu gbuuru, á rù, kuwaṣíọ̀kọ̀ á sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ti máa ń pẹ́ jù. Morley wá rí i pé àìjẹunrekánú kì í dé lójijì. Ó máa ń fi oṣù díẹ̀ ṣáájú kó tó hàn sójú, ìwọ̀n ara ọmọ ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

Nítorí náà, wọ́n dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò tí kò kàwé púpọ̀ láti máa wọn ọmọ, láti máa tọ́jú àìsàn kéékèèké, láti sì máa gba ìyá nímọ̀ràn lórí oúnjẹ. Wọ́n ṣe káàdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, nítorí irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Oṣù ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ káàdì, kìlógíráàmù ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà méjì tó ń gòkè lọ wà lójú rẹ̀, àárín wọn sì ni ọ̀nà tí ọmọ tó ń dàgbà dáadáa máa ń gbà. Lóṣooṣù, wọ́n á fi bírò kán àmì sí ibi tí ìwọ̀n ọmọ bọ́ sí, wọ́n á sì so ó mọ́ ti oṣù tó kọjá. Àyè kan tún wà tí wọ́n ti ń kọ ìdí tí ọmọ náà fi nílò àmójútó pàtàkì, bóyá ìbejì ni, tàbí ìyá rẹ̀ ti kú.

Bí wọ́n ṣe ń ka káàdì yìí rọrùn. Tí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ẹ dúpẹ́, bí ọmọ náà tilẹ̀ kéré ju ojúgbà rẹ̀ lọ. Tí ó bá lọ gbọọrọ láìgòkè, nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun tàbí nínú ìkòkò ọbẹ̀ nílé. Tí ó bá wálẹ̀, ẹ tètè gbé ọmọ náà lọ fún ìtọ́jú. Àrà mìíràn tí Morley dá ni pé ìyá ló ń mú káàdì lọ sílé nínú àpò ọ̀rá, tí kì í ṣe ilé ìwòsàn ló ń fi í pamọ́. Àwọn kan rò pé yóò máa sọnù, àmọ́ àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ikú ọmọdé lọ sílẹ̀ gan-an ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Morley padà sí London ní ọdún 1961, ó sì kú ní ọdún 2009, àmọ́ káàdì tí a kọ́kọ́ lò fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti di èyí tí wọ́n ń lo irú rẹ̀ káàkiri ayé.

Ẹ tún lè bi mí pé, báwo ni a ṣe lè dá ọmọ tó ní àìjẹunrekánú mọ̀? Ọ̀nà tó ń gbà hàn kò dọ́gba. Ọ̀kan á rù hangogo, tí awọ ara rẹ̀ á rọ̀ jọwọlọ. Òmíràn kò ní ga bó ṣe yẹ. Ẹ ó rò pé ọmọ ọdún méjì ni, kó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìwọ̀-oòrùn, ó kéré sí ti òkè ọya, àmọ́ ó wà. Ẹ̀kẹta ni kuwaṣíọ̀kọ̀, èyí tí ẹsẹ̀ àti ojú ọmọ máa ń wú, táwọn èèyàn á sì máa sọ pé ọmọ ti sanra. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Tí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn, tí kò tètè padà, omi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹran. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tún ní rìbọ́nù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Tí apá náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, inú pupa ló bọ́ sí, ewu sì wà nínú pupa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo abọ́ ọmọ. Wàrà ọmú nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo. Omi tí kò mọ́ àti àgbo tí a bù sẹ́nu ọmọ tuntun máa ń gbé kòkòrò lọ sórí òwú àrán ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan kò tó mọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ògì la máa ń fún ọmọ. Àmọ́ nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun rere inú àgbàdo ló ń bá èérí lọ. A ó wá fi omi púpọ̀ pò ó kó lè ṣàn. Ikùn ọmọ tó wúwo tó kìlógíráàmù 8 kò gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 240 lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ògì ṣíṣàn bá ti kún un, ikùn yó, ara kò rí nǹkan kan. Ìyẹn ni ọmọ ṣe ń jẹun tí kò hàn lára rẹ̀, kódà kí ìfun rẹ̀ tó bàjẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí ògì náà ki. Ẹ po edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná mọ́ ọn, tàbí ẹ̀pà lílọ̀, tàbí sóyà, kí ẹ sì kán epo pupa díẹ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Oṣòdì ti fi sóyà pò mọ́ ògì tipẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹ̀wà tí a yọ èèpo rẹ̀ kúrò, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ àti máńgòrò, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ lè jẹ. Ẹyin ńkọ́? Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ohun tó ń sọ ọmọ di olè ni àìkọ́ ọmọ. Ẹyin kan lójúmọ́ wà lára ohun tó dára jù tí a lè fi tún ìfun ọmọ ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Ẹ̀yin ń sọ ẹyin, ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á?" Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìfọkànbalẹ̀ lórí oúnjẹ nìyẹn, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin: kí oúnjẹ wà lọ́jà, kí owó wà láti rà á, kí ara lè lò ó, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí má sì já lójijì. Oúnjẹ lè kún ọjà Atákúnmọ̀sà ní Iléṣà àti ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo, kí ẹsẹ̀ kejì sì dá. Ní oṣù keje ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì lórílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi nǹkan bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ. Ohun tí ẹ ra ní 1,000 náírà ti di nǹkan bí 1,400. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ni ìdílé máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń rà. Gàrí ló máa ń kù. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin yẹn gan-an ni ìfun ń bèèrè.

Ẹsẹ̀ kẹrin kò dúró dáadáa lọ́dọ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa ló jẹ́ oko kòkó. Owó kòkó máa ń wọlé jù láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, àmọ́ ojoojúmọ́ ni ọmọ ń jẹun. Ẹsẹ̀ kẹta, ìyẹn kí ara lè lo oúnjẹ, ni ìfun wà nínú rẹ̀, omi mímọ́ sì ni olórí rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó ń jẹ ẹyin tó sì ń mu omi odò tí kò mọ́ ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì wó o.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbìyànjú lórí ẹsẹ̀ kejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò O'MEALS. Nígbà náà, wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ló ń sè é, ẹyin, ẹja àti adìẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ. Ètò tó dára ni, nígbà tó sì di ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọmọ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ti kọjá ìgbà tí ìfun nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ. Láti inú oyún títí di ọdún méjì ni ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ ebi àti inú yìí kan àgbàlagbà náà. Púpọ̀ nínú wa ló ń sọ pé ebi ló fa ọgbẹ́ inú fún òun. Ebi máa ń jẹ́ kí ọgbẹ́ náà ta ni, àmọ́ kì í sábà jẹ́ òun ló dá a. Àwọn dókítà méjì ní Australia, Barry Marshall àti Robin Warren, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1982 pé kòkòrò kan tó ń gbé inú àpòlúkù wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2005. Oògùn ìrora tí à ń gbé mì lójoojúmọ́ náà ń fà á. Nítorí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Oògùn wà fún kòkòrò náà. Àwọn ìyá àti bàbá wa àgbà tí eyín wọn ti ká, tó jẹ́ àmàlà àti ewédú lásán ni wọ́n ń jẹ, ẹ jẹ́ ká máa fi ẹja lílọ̀ tàbí ẹ̀wà rírọ̀ kún tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ: tí gbuuru bá mú un, ẹ má jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tán. Ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a fi ọwọ́ gé ojú rẹ̀ dọ́gba àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi mímọ́ lítà kan, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi iyọ̀ kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn tún dára jù ú lọ. Kí nìdí tí ṣúgà fi wà níbẹ̀? Kódà nígbà tí ìfun bá ń ṣàìsàn, ṣúgà àti iyọ̀ máa ń wọ ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1971, nígbà tí àrùn onígbá méjì ń pa àwọn tó sá ogun Bangladesh, dókítà Dilip Mahalanabis lo irú omi yìí nínú àgọ́ wọn ní Íńdíà, iye àwọn tó ń kú sì já wálẹ̀ láti nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún sí bíi mẹ́rin. Ẹ bèèrè fún oògùn zinc pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni ọmọ á fi lò ó, ó máa ń jẹ́ kí òwú àrán náà tètè hù padà. Ẹ má sì dá ọmú àti oúnjẹ dúró, nítorí oúnjẹ ni ìfun fi ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Àmọ́ tí ọmọ bá ti rù hangogo tàbí tó ti wú, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi oúnjẹ ńlá san gbèsè ebi lọ́jọ́ kan. Ara tó ti rẹ̀ kò lè gbé e, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Ní ilé ìwòsàn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un ní wàrà tí wọ́n ṣe fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n tó wá fi kún un. Ilé ìwòsàn ni ibi irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé.

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, àìjẹunrekánú kì í bá ẹni tó ń ṣọ́ ọ lójijì. Ẹ gbé ọmọ yín lọ sórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù títí á fi pé ọdún márùn-ún, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì kó fi ìlà inú káàdì hàn yín. Tí ìlà náà bá lọ gbọọrọ fún oṣù méjì, ẹ má dúró kí irun ọmọ pọ́n kí ẹ tó bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.